Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ rélùwéè, tàbí tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìjàkadì, Ọ̀fà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ rélùwéè ni mí. Bàbá mi ṣe ọ̀gá stéṣọ̀n, Ọ̀fà níbí ni wọ́n sì fẹ̀yìn tì sí. Kí wọ́n tó dé fìlà ọ̀gá, Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó ni wọ́n kọ́kọ́ rán wọn lọ, sí ilé-ẹ̀kọ́ rélùwéè. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lára wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Tí a bá ń jẹun, ìka wọn á máa lu etí abọ́: tọ́-tọ́, tọ́ọ̀, tọ́. Èdè wáyà ni, èyí tí stéṣọ̀n fi ń bá stéṣọ̀n sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un. Màmá mi á ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ta lẹ tún ń pè?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́. Ojú irin àtijọ́ tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Jẹ́bà ní 1909, ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Kánò àti èyí tó ń bọ̀ l'Ékòó, orí irin kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, àfi tí wọ́n bá dé stéṣọ̀n tí ọ̀kan lè yà fún èkejì. Ọkọ̀ ojú irin kì í sì í ṣe mọ́tò tí èèyàn ń tẹ bíréékì fún tí á dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo táblẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì o. Ohun roboto pẹlẹbẹ kan ni, orúkọ stéṣọ̀n méjì wà lára rẹ̀. Stéṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó o sí, wáyà ló so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ẹyọ kan, méjèèjì tì pa nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lè yọ òmíràn àfi tí wọ́n bá dá èyí tó jáde padà sínú ọ̀kan nínú wọn. Dẹ́rẹ́bà tí kò bá rí i gbà, kò gbọdọ̀ ṣí.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí bàbá mi kọ́ mi. Wọ́n to ìgbálẹ̀ gígùn sórí ẹní, wọ́n ní ibí ni Òkukù, ibí ni Ọ̀fà, ọ̀hún ni Ìlọrin. Agolo sadíìnì ni ọkọ̀, ìdérí agolo mílíìkì ni táblẹ́ẹ̀tì. Mo ti agolo mi kúrò l'Ọ́fà láìmú ìdérí. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé agolo náà padà. Mo ní, "Bàbá, kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà, mo rí i." Wọ́n ní, "Ojú rẹ ló rí i. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ àwọn máa ń bi àwọn, tí ẹni tí kò bá ní ìdáhùn á bẹ̀rẹ̀ láti òkè padà.

Èmi kò ṣe rélùwéè, báńkì ni mo ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fi ẹnu lásán san owó fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an ńkọ́?

Ìyá Sàdíátù, Ìlọrin

Àwa tá a ń ta wàrà díndín ní stéṣọ̀n náà rí nǹkan. Ọmọkùnrin kan wà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń na táblẹ́ẹ̀tì sí dẹ́rẹ́bà nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn. Inú àpò aláwọ ni wọ́n ń fi sí, òrùka ńlá wà lára rẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà á fi apá kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀ka igi tí wọ́n tẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n á sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa nà án. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é fún ọkọ̀ gidi, kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ wú. Mo fi òrí pa á fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún wà níbẹ̀ tó ń na ẹ̀ka igi.

Àdìsá Gáǹgì

Mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ò dé Èbúté Mẹ́ta. Ojú irin fúnra rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ mi, láàárín Ọ̀fà sí Ìlọrin. Hẹ́dìmáànù wa, ọ̀gá àwa tí à ń tún ojú irin ṣe, ni olùkọ́. Òun ló kọ́ mi pé ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín irin méjèèjì, pé oòrùn máa ń jẹ́ kí irin gùn sí i, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí méjì ti pàdé. Ó kọ́ mi láti fi òòlù kan bóòtù tó di irin mú, kí n gbọ́ èyí tó ti dẹ̀ nínú dídún rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè gbàgbé nìyí. Ọjọ́ kan, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́nà. Fèrè lẹ́nu, àsíá pupa lọ́wọ́, àwọn yòókù tẹ̀ba, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bàbá àgbà kan ń ti oko bọ̀, ó ru iṣu. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Mo kọ̀yìn sójú irin, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá." Wọ́n bi mí léèrè màmá mi, mo dáhùn. Wọ́n bi mí léèrè ilé, mo tún dáhùn.

Hẹ́dìmáànù ló gbọ́ ọkọ̀ ẹrù náà. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun nígbà míì. Gbogbo wọn fò bọ́ sínú igbó. Sálúbàtà ẹnì kan kù lórí irin, ọkọ̀ gé e sí méjì.

Kò lù mí, kò bú mi. Ó mú sálúbàtà náà, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kíkí èèyàn dára. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ lónìí." Ní ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ lọ bá bàbá náà nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá tún rí ọmọ tó mú àsíá lójú irin, kí wọ́n má bínú bí kò bá kí wọn. Láti ọjọ́ náà, àwọn àgbà abúlé yẹn kì í dúró bá ẹni tó ń ṣọ́nà sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè kí wa láti òkèèrè, tí wọ́n ń kọjá lọ.

Mo pa sálúbàtà náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bọ̀dé, Tánkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ìtàn yín gún mi lára. Níbí n'Ílọrin ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Michael Imoudu pè wà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Imoudu, òun sì wà lára àwọn tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì ńlá 1945. Mo ti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, mo sì jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé irú ohun tí hẹ́dìmáànù yín mọ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí mo rí. Ọkọ̀ tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, irin rẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ, kọ̀ǹpútà sì pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà báyìí yẹ kí wọ́n gbọ́ ti sálúbàtà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá gba ohùn yín sílẹ̀?

Ọmọ Ìjàkadì, Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹ gbà fún un. Èmi náà á wá. Àtùpà bàbá mi ṣì wà níbí, dígí pupa rẹ̀ kò tíì fọ́. Màá gbé e dání. Abúlé wo gan-an ni hẹ́dìmáànù yín fẹ̀yìn tì sí?