Ajá wa nínú ọkọ̀ ìgbòkun lórí ọ̀sà Àgbádárìgì

Àbẹ̀kẹ́ Àgbádárìgì kọ pé:

Mo kí gbogbo ilé o. Mo ti ka ìrírí ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń mú ajá rin ìrìn-àjò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó sọ ti ojú omi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ bí èmi àti ọkọ mi ṣe lo odidi ọjọ́ kan lórí ọ̀sà Àgbádárìgì pẹ̀lú ajá wa, Dánfó, ajá ìbílẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹni tí ó bá ń gbèrò irú rẹ̀ kò pọ̀: bí ẹ bá fẹ́ gbé ajá lọ sórí omi, ọkọ̀ ìgbòkun ni kí ẹ wá, ẹ má wá ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì.

A ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé e sọdá láti èbúté Marina sí erékùṣù Gberefu nínú ọkọ̀ èrò. Kété tí awakọ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni Dánfó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìnnìjìnnì, tí ó ń fi orí wá abẹ́ ìjókòó, tí itọ́ sì ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Etí ajá ń gbọ́ ìró tí ó ga ju èyí tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ lọ, nítorí náà ohun tí àwa ń pè ní ariwo lásán lè jẹ́ ìyà gidi fún un. Àwọn èrò náà kò fara mọ́ ọn. Ìyá kan ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹlòmíràn ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, n kò sì rí ẹ̀bi wọn, nítorí wọn kò san owó ọkọ̀ láti bá ajá jókòó. A sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ mi lọ bá bàbá àgbà kan sọ̀rọ̀, ọmọ Ògù tí ó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun pẹja. Ẹni tí ó bá mọ etí ọ̀sà wa yóò ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ pákó gbọọrọ tí ìdí rẹ̀ kò jìn sínú omi, òpó igi kan láàárín, àti ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun rán pọ̀, tí àwọn lẹ́tà ara àpò ṣì hàn lára òmíràn. Bàbá wo ajá, ó wo àwa náà, ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń gbé e lọ bọ Ògún?" A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa mú ajá náà wá nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní síso mọ́ èbúté, kí ó jẹun nínú rẹ̀, kí ó sùn nínú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ bí pákó ṣe ń mì. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni a fi ṣe èyí, títí tí Dánfó fi ń fò wọlé fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

Inú oṣù Kọkànlá ni a lọ, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi dé èbúté, nítorí Bàbá kì í fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣeré. Ó ṣàlàyé fún wa pé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, orí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sí òkun, kì í sì í lágbára; ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ràn, ilẹ̀ yóò gbóná ṣáájú omi, afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ yóò gòkè, ti òkun yóò sì wọlé wá rọ́pò rẹ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, yóò máa le sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ kò lè dojú kọ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí a fi lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìhà Seme, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ àti ọ̀pá, kí afẹ́fẹ́ òkun lè máa ti ẹ̀yìn tì wá bọ̀ wá sílé lọ́sàn-án. Mo fẹ́ràn ẹni tí ó ń ronú bí yóò ṣe padà kí ó tó lọ.

Dánfó wọ ẹ̀wù ìléfòó tirẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, tí ó ní ìdìmú tí ó nípọn lórí ẹ̀yìn. Àwa náà wọ tiwa. LASWA, àjọ tí ó ń mójú tó ọ̀nà omi Ìpínlẹ̀ Èkó, kò fi àyè gba kí èrò wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù yìí, ṣùgbọ́n Bàbá tí ó ti wà lórí omi láti kékeré kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gba ọ̀kan sọ́rùn.

Bí a ṣe kúrò ní èbúté, kò sí ìró mìíràn ju omi tí ó ń lu ara pákó lọ. Ajá náà dúró ní iwájú ọkọ̀, ó gbé imú sókè, ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé. Bí ẹja bá ta lójú omi, etí rẹ̀ a nà ṣánṣán, a sì yí ojú wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jù ú. Kò gbọ̀n, itọ́ kò ṣàn. Ajá kan náà tí kò lè jókòó nínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì nìyẹn o.

A gúnlẹ̀ sí abẹ́ igi àgbọn lórí ilẹ̀ tóóró tí ó pààlà láàárín ọ̀sà àti òkun, a jẹ gàrí àti ẹja dídín, a sì fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun. Bí ẹ bá rí bí ìgbì Àtìláńtíìkì ṣe ń ya lu iyanrìn níbẹ̀, ẹ kò ní béèrè ìdí tí Bàbá kò fi gbé wa gba orí òkun gan-an. Kí a tó pariwo, Dánfó ti lá omi òkun yó. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 35, ó sì lè pa ajá bí ó bá pọ̀ lára rẹ̀. Tiwa bì í jáde láìpẹ́, a sì ń fún un ní omi tútù tí a gbé dání díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ibòji títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, nítorí náà omi tí ẹ óò gbé dání fún un gbọ́dọ̀ pọ̀ dáadáa.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, afẹ́fẹ́ ti dé, ìgbòkun wú, ọkọ̀ sì ń sáré. Ibẹ̀ ni a ti pàdé ewéko orí omi, èyí tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, tí ó gba ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wọ ọ̀sà wa ní ọdún 1984, tí kò sì jẹ́ kí àwọn apẹja sinmi láti ìgbà náà. Ó tẹ́ lọ gbalasa, lékeléke kan sì dúró sórí rẹ̀. Dánfó pè é ní pápá. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: ọkọ mi pè é, èmi náà pè é, ó ti fò. Ewé náà gbé e ró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lékeléke gbéra, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá rì, ó sì ku imú rẹ̀ àti ẹ̀wù ọsàn láàárín òdòdó. Bàbá tú okùn, ìgbòkun bọ́ sílẹ̀, ó fi àjẹ̀ yí ọkọ̀ padà. Mo kígbe pé, "Ẹ di ìdìmú ẹ̀yìn rẹ̀ mú!" Ọkọ mi dojú bolẹ̀ sí etí ọkọ̀, ó nawọ́, ó fà á wọlé pẹ̀lú gbòǹgbò dúdú tí ó wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí irun tí a kò yà. Ajá náà gbọn ara, gbogbo wa sì rin gbindin. Bàbá sọ nǹkan ní èdè Ògù, ó wá fi Yorùbá sọ pé, "Ó ti gbọ́n báyìí." Títí a fi dé èbúté, bí a bá ti súnmọ́ ewéko náà, ṣe ni Dánfó ń sún sẹ́yìn.

Bàbá Bàyékù kọ pé:

Arábìnrin Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ewu. Ẹ̀jọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ni n kò fara mọ́ pátápátá. Ní ìhà tiwa ní Ìkòròdù, èmi àti ìyàwó mi ní ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, ajá wa sì ń sùn nínú rẹ̀ bí a bá ń lọ. Ohun tí a ṣe ni pé a ń ṣí ẹ́ńjìnnì náà ní etí omi nígbà tí ajá bá ń jẹun lókèèrè, a sì ń gbé àwo rẹ̀ súnmọ́ ọn lójoojúmọ́. Èébì ni ìṣòro tiwa. Ọ̀sà Èkó kò jìn ní ibi púpọ̀, ìgbì kéékèèké sì máa ń yára dìde lọ́sàn-án. Bí ajá bá ti jẹ ẹ̀bà kí ó tó wọlé, ẹ óò gbọ́n ju omi lọ nínú ọkọ̀ yín.

Àbẹ̀kẹ́ Àgbádárìgì fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin ni ẹ ni ọkọ̀ yín, ẹ lè ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tí ó bá wù yín. Àwa tí a ń háyà ọkọ̀ kò lè ní kí awakọ̀ máa jó epo bẹntiróòlù rẹ̀ nítorí pé ajá wa ń jẹun.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ béèrè pé:

Ẹ jọ̀wọ́, mà, níbo ni ajá ń tọ̀ sí láti òwúrọ̀ títí dìgbà tí ẹ gúnlẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Àgbádárìgì fèsì pé:

A bu iyanrìn ibi tí ó máa ń tọ̀ sí nílé sínú abọ́ ike, a gbé e sí ìdí ọkọ̀. Kò tilẹ̀ bojú wò ó. Igi àgbọn àkọ́kọ́ tí a bá lórí ilẹ̀ ni ó gbé ẹsẹ̀ sí, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ gbé tiyín dání o, nítorí pé kì í ṣe ibi gbogbo ni ọkọ̀ ti lè gúnlẹ̀.