Kí ló ń dún lẹ́sẹ̀ Corolla mi?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí. Láti Ajàṣẹ́ dé Ọ̀ffà, bí mọ́tò mi bá ti kan kòtò kékeré, á máa dún “kọ́kọ́kọ́” lẹ́sẹ̀ iwájú lápá òsì. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ shock absorber, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa fò sókè-sódò. Owó lọ, ariwo kò lọ.

— Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Stabilizer linkage ni mo fura sí, ìyẹn irin kékeré tó so ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Ẹ dì í mú, ẹ mì í. Bó bá ń yẹ̀ lọ́wọ́ yín, ó ti jẹ nìyẹn.

— Ẹ yẹ ball joint náà wò o, ìyẹn oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ irin abẹ́ mọ́tò! Bí ìyẹn bá já lórí eré, ẹsẹ̀ táyà á wó ni.

— Èmi tí mo béèrè ti padà dé. Linkage ni! Rọ́bà rẹ̀ ti ya, ó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ball joint le dáadáa. A pààrọ̀ linkage méjèèjì, ariwo tán. Ẹ ṣeun gan-an.