Ìmọ̀ràn lórí serotonin àti eré ọkàn eku nígbà ìpayà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ọpọlọ. Eku la ń há mọ́ inú ike tóóró fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀rọ kékeré tí a rì sínú ara eku náà sì ń ka lílù ọkàn rẹ̀. Tí a bá ti kọ́kọ́ gún un ní 8-OH-DPAT (oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi serotonin, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́) sábẹ́ awọ, 0.1 mg/kg, ọkàn kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ mọ́. WAY-100635, oògùn tó ń dí 5-HT1A (ọ̀kan lára àwọn ibi tí serotonin ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì), ń dá ipa yìí dúró, nítorí náà 5-HT1A ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé 8-OH-DPAT yìí kan náà ń mú ara eku tutù, ara tó bá sì tutù máa ń fa ọkàn sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Báwo la ṣe máa ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ṣé mímú yàrá gbóná tó 30°C á tó? Abẹ́rẹ́ nìkan ti tó láti da eku láàmú, ẹ má gbàgbé o; ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró kí a tó há a mọ́.

A tún fẹ́ fi oògùn atenolol dí ipa sympathetic (àwọn iṣan ara tó ń mú ọkàn sáré), kí a sì fi methylscopolamine dí ti vagus (iṣan ara tó ń fa ọkàn sẹ́yìn); a ò lo atropine, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, torí pé ó ń wọ inú ọpọlọ. Ṣé ọjọ́ kan náà ni ká lo oògùn méjèèjì, àbí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?