Ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Brampton: ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti lè ràn án lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Kánádà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ wa ní Brampton, ní ìpínlẹ̀ Ontario, ó sì ní ìwé ìgbélùú. Ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá ṣeré. Bó bá ti dé, yàrá ló ń wọ̀. Ọmọ tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín! Àwọn òṣìṣẹ́ SWIS tó wà nílé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣé wọ́n máa ń jókòó ti ọmọ fúnra rẹ̀, àbí òbí nìkan? Ìwé ẹ̀rí girama Ontario tún ń béèrè wákàtí 40 iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni. Ibo ló ti lè ṣe é, kó sì rí ọ̀rẹ́? Bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn jù.