Resolution kì í ṣe "ìpinnu": hóró, ọ̀ṣọ́ àti àwòrán géèmù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ géèmù ní Yorùbá yìí. Ẹ dábàá pé kí resolution jẹ́ "ìpinnu àwòrán", kí graphics quality sì jẹ́ "ìdára àwòrán". Ẹ má bínú, n kò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì.

Ìpinnu ni ohun tí ìpàdé máa ń ṣe kó tó túká. Mọ́nítọ̀ kò pinnu ohunkóhun. Iye ni resolution, ìyẹn iye pixel, àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ojú mọ́nítọ̀: 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró. Ẹni tó bá ti súnmọ́ adé ìlẹ̀kẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Láti òkèèrè, ojú ènìyàn la rí lára adé. Tí a bá súnmọ́ ọn, ó di ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan ṣoṣo sì ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pixel. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pe pixel ní "hóró", ká pe resolution ní "iye hóró". Hóró iyọ̀, hóró àgbàdo, hóró ìlẹ̀kẹ̀: kò sí ọmọ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Orúkọ yìí tún ń fi ìnáwó hàn. 1920×1080 jẹ́ hóró 2,073,600. 2560×1440 jẹ́ 3,686,400. 3840×2160 jẹ́ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́ géérégé. Ẹni tó bá sì fẹ́ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mìlísẹ́kọ́ńdì 16.7 péré ni káàdì àwòrán, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán, ní láti fi kun gbogbo hóró wọ̀nyẹn tán. "Ìpinnu gíga" kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku "ìdára". Tí hóró bá pọ̀, àwòrán á dára. Tí òjìji bá rí bí òjìji gidi, àwòrán á dára. Àbájáde méjèèjì ni ìdára jẹ́, nítorí náà ẹni tí a bá ní kó "dín ìdára kù" kò ní mọ èyí tí yóò fọwọ́ kàn. Ohun tí géèmù ń tò sí Low, Medium, High àti Ultra ni òjìji, kùrukùru, àwòrán inú omi, àti ray tracing, ìyẹn ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn. "Ọ̀ṣọ́" ni mo dábàá pé ká máa pè wọ́n.

Owó ọ̀ṣọ́ kò sì dọ́gba. Òjìji, kùrukùru àti ray tracing ló ń jẹ káàdì jù. Tí a bá gbé òjìji láti Ultra wá sí High, ojú tó ń sáré nínú géèmù kì í sábà rí ìyàtọ̀. Anisotropic filtering, tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ tó jìnnà ṣì mọ́ lójú, kò ná káàdì òde òní ní nǹkan kan tó pọ̀, ẹ fi í sí 16x kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Texture, àwòrán tí wọ́n fi ń bo ara nǹkan nínú géèmù, tí mo fẹ́ ká pè ní "awọ", yàtọ̀ pátápátá: kì í fi bẹ́ẹ̀ da káàdì láàmú, àyè ló ń gbà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ẹ gbé awọ Ultra lé káàdì tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 4GB, mẹ́mọ́rì á kún, káàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í yá àyè nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èyí tó jìnnà tó sì lọ́ra. Géèmù á wá máa kólòlò: á sáré, á dúró, á tún sáré. Ẹni tí kò mọ̀ á máa gé òjìji, kólòlò náà kò sì ní lọ. Awọ ni kó gbé wálẹ̀.

Ibì kan ṣì wà tí Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti da ọ̀rọ̀ pọ̀. Resolution ni wọ́n ń pe iye hóró tó wà lójú mọ́nítọ̀, òun náà ni wọ́n ń pe iye tí káàdì ń yà. Ẹ jẹ́ ká ya "hóró ojú" sọ́tọ̀ kúrò lára "hóró yíyà". Tí mọ́nítọ̀ bá jẹ́ 2560×1440, tí ẹ sì gbé e sí 1920×1080, hóró yíyà kan ní láti bo hóró ojú kan àti ìdámẹ́ta ní ìbú àti ní òòró. Kò sí ìdámẹ́ta hóró lójú gíláàsì, ni wọ́n bá po àwọ̀ pọ̀, lẹ́tà á sì ṣú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi hóró ojú sílẹ̀, tí ẹ dín hóró yíyà kù nínú géèmù níbi render scale, ibi tí a ti ń yan iye tí káàdì máa yà, lẹ́tà àti máàpù á ṣì mọ́ nínú ọ̀pọ̀ géèmù.

*

Àbúrò, o borí lórí "ìpinnu". Mo ti pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n iye hóró nìkan kò tó. Mọ́nítọ̀ 27 ínṣì àti láptọ́ọ̀pù 15.6 ínṣì lè jọ jẹ́ 1920×1080. Ti mọ́nítọ̀ á jẹ́ bíi hóró 82 nínú ínṣì kan, ti láptọ́ọ̀pù á jẹ́ 141. Iye kan náà, ìríran ọ̀tọ̀. A nílò "kíki hóró", bí a ṣe ń sọ pé ẹ̀kọ ki.

"Ọ̀ṣọ́" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òjìji ọ̀tá tó yọ lẹ́yìn ògiri kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún. "Àlékún" ni kó jẹ́.

O sì gbàgbé láti sọ ohun tó yẹ kó ṣáájú. Kéèyàn tó dín ohunkóhun kù, kó so láptọ́ọ̀pù mọ́ iná mànàmáná, torí káàdì kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí bátìrì. Kó wá gbé géèmù sí 1280×720. Tí iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kò bá gòkè, ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU) ló ń fà á sẹ́yìn, kì í ṣe káàdì. Èrò tó ń rìn nínú ìlú géèmù ni kó dín kù. Tí ó bá gòkè, káàdì ni. Lórí 3840×2160, hóró yíyà ni kó kọ́kọ́ gé: DLSS tàbí FSR, irinṣẹ́ tó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá, ní ipele Quality á ya 2560×1440, á sì fi ọgbọ́n dí ìyókù. Lórí 1920×1080, àlékún ni kó kọ́kọ́ gé, torí Quality níbẹ̀ ń ya 1280×720, hóró 921,600 péré, irun àti wáyà á sì máa gbọ̀n.

"Hóró yíyà" dára bó ṣe wà. "Awọ" ni n kò gbà. Awọ ń bá ara dàgbà. Texture ni wọ́n ń wọ̀ fún nǹkan lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ọ́n tán, wọ́n sì lè bọ́ ọ kí wọ́n wọ òmíràn fún un láìfọwọ́ kan ara rẹ̀. Kí ló dé tí a kò pè é ní "aṣọ"?