Kúkíìsì oats tí kò ní ẹyin ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dárà, Adó-Èkìtì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ló gbé mi wá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 3 ààbọ̀, kò lè jẹ ẹyin. Bí ẹyin bá ti kàn án lẹ́nu báyìí, ètè rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á sú láti ọrùn dé ikùn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká má fún un mọ́. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ń ṣe ọjọ́ ìbí nílé ìwé, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ kéèkì. Olùkọ́ rẹ̀ ló sọ fún mi. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Mo wá pinnu pé màá máa yan kúkíìsì oats fún un nílé, láìsí ẹyin, láìsí ṣúgà. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa náà ní àtọ̀gbẹ, mo sì fẹ́ kí àwọn náà rí nǹkan fi mu tíì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é. Àkọ́kọ́, oats, bọ́tà àti omi díẹ̀: ó fọ́ wómúwómú bíi gààrí. Ìkejì, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 4 sí oats ife 2: òde rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ dà bíi mọ́ínmọ́ín tí kò jiná. Ìkẹta, mo fi baking powder ṣíbí ìjẹun 2 sí i, ó wá korò bí ẹni pé ọṣẹ wọ inú rẹ̀. Kí ni mo lè lò dípò ẹyin tí yóò fi dì? Mo ní gáàsì tó ní ófùnù.

Ìyá Ìbejì, Ìkéré

Ẹ wá flaxseed, irúgbìn wẹ́wẹ́ kan ni. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi omi ṣíbí ìjẹun 3 po ṣíbí ìjẹun 1 rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ óò rí i tó ń fà bí ilá. Ìyẹn dúró fún ẹyin 1. Àmọ́ owó rẹ̀ ga díẹ̀.

Aunty Oníkéèkì, Adó-Èkìtì

Ìyá Dárà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yìí wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ yíyan ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rò pé ó ti yíwọ́.

Iṣẹ́ tí ẹyin ń ṣe ni pé ó ń di nǹkan mú, ó ń fún un lómi, ó sì ń gbé e wú díẹ̀. Kúkíìsì oats kì í ṣe kéèkì, kò nílò kó wú. Nítorí náà, ẹ gbàgbé baking powder pátápátá, òun ló ba ìkẹta jẹ́. Ohun tí yóò dì í mú nìkan ni ẹ ń wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sì tó o ṣe. Tiyín ló pọ̀ jù. Ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó mọ níwọ̀n, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ti tó fún ẹyin 1.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Oats ife 2. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ẹ lọ ọ̀nà kan nínú bílẹ́ńdà títí á fi kúnná bí èlùbọ́, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èlùbọ́ oats yẹn ló máa ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 2, èyí tí àmì dúdú ti ń yọ lára èèpo rẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ kó má ku kókó kankan. Ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí ìjẹun 3. Dàbínù 8, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gún un, ẹ má da omi rẹ̀ nù. Iyọ̀ fín-ín, nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: bí ẹ bá pò ó tán, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó yan án. Oats gbígbẹ máa ń mu omi bíi gààrí, àmọ́ kì í yára. Bí ẹ bá sáré gbé e sínú ófùnù, òde á jó, inú á ṣì tutù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ̀ àti ìkánjú yìí ló bá ìkejì yín jà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ bu díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dì í. Bó bá dúró bí òkèlè iyán, ó ti tó. Bó bá ń ya, ẹ bu omi dàbínù ṣíbí kan sí i.

Kò sí ṣúgà tí yóò yọ́ nínú rẹ̀, torí náà kò ní tẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ kó fẹ̀ bí ẹnu ife, kó nípọn bí ìka ọmọńdinrín. Ó máa ń tó 12. 180°C, ìṣẹ́jú 15. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: bó bá ti pọ́n bí awọ ẹ̀pà, ẹ gbé e jáde, bí àárín tilẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 10, orí tíréè níbẹ̀ ló ti ń le.

Bàbá Ìrètí, Ọ̀yẹ́

Oyin ńkọ́? Oyin kì í ṣe ṣúgà, kò lè pa màmá lára. Ìyàwó mi máa ń da ìdajì ife sí tiwa. Ilé tí kò bá sì ní ófùnù, kí ni wọ́n óò ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìdó-Èkìtì

Bàbá Ìrètí, ẹ má bínú o. Bí oyin bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà ni, dàbínù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n náà kò sì yàtọ̀. Kí màmá jẹ ẹyọ 1 tàbí 2, kí wọ́n kà á mọ́ oúnjẹ ọjọ́ náà. Ìyá Dárà, ẹ dín dàbínù tiwọn kù sí 3. Ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún 1, ẹ má fi oyin kàn án lẹ́nu rárá.

Òótọ́ ni pé oats dára. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní beta-glucan, òun ló ń jẹ́ kó yọ̀ bí ẹ bá sè é, ó sì ń bá wa dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Àmọ́ gíráàmù 3 lóòjọ́ ni wọ́n ń sọ, kúkíìsì 2 kò lè gbé yín débẹ̀. Ẹ máa mu oats láàárọ̀ pẹ̀lú.

Ṣé ọmọ ti jẹ ẹ̀pà rí? Bí kò bá jẹ ẹ́ rí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ilé ìwé ni yóò ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ má fi ẹ̀pà odindi sí i, ó lè há a lọ́fun. Ẹ máa ka ara páálí gbogbo bisikíìtì tí ẹ bá rà. Bí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ẹ tètè sọ ọ̀rọ̀ ẹyin yìí fún wọn, torí inú ẹyin ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹyin máa ń padà bá lára mu bí wọ́n bá ń dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti dán an wò.

Ìyá Àgbà, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìkòkò irin ni èmi fi ń yan. Mo máa ń da yanrìn tí mo ti fọ̀, tó sì gbẹ, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó ga tó ìka 2, màá gbé agolo pẹrẹsẹ lé e, màá dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 15 kí n tó gbé àwo kúkíìsì sí i. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 25 kó tó jiná. Ìkòkò tó nípọn ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n kun inú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bá wọ́n, ànàmọ́ sísè ni mo ń tẹ̀ sí i, pẹ̀lú àgbọn rírin.

Ìyá Dárà, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá yín wo tiyín. Ọmọ ti ń jẹ ẹ̀pà láti ọdún tó kọjá, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ra dàbínù ní Ọjà Ọba, mo sì ṣe é lánàá bí Aunty ṣe wí. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ṣíbí tí mo fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ dúró gbọnyin. Nígbà tó tutù tán, mo ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì: ó ṣẹ́ geere, kò dà sílẹ̀, mo sì rí dàbínù tó nà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ẹ̀là méjèèjì.

Dárà mú ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó wá wò mí lójú: "Màmi, ṣé kò sí ẹyin níbẹ̀?" Mo ní kò sí. Ìgbà yẹn ló tó gé e jẹ.

Ìyá mi ní kí n fi atalẹ̀ sí i. Ohun tó kù ni pé ìdí rẹ̀ jó díẹ̀. Ọjọ́ ìbí kan sì ń bọ̀ ní kíláàsì wọn ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé mo lè yan án sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé?

Aunty Oníkéèkì, Adó-Èkìtì

Áà, inú mi dùn! Tíréè yín ló sún mọ́ iná jù, ẹ gbé e sí àárín ófùnù, kí ẹ tẹ́ bébà ìyan-kéèkì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má yan án lọ́jọ́ Ajé o. Nínú ooru wa yìí, kúkíìsì ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kì í dára ju ọjọ́ 2 lọ níta. Ẹ pò ó lálẹ́ Ọjọ́rú, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ yan án láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un. Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì wọn?

Ìyá Dárà, Adó-Èkìtì

18 ni wọ́n, ma.

Aunty Oníkéèkì, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì nígbà náà. Ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó bi àwọn òbí bóyá ọmọ kan wà tí kì í jẹ ẹ̀pà.