Ravens ọdún 2000: kí ni dìfẹ́ǹsì yẹn ń ṣe gan-an lójú ìlà?

Àlàbí_Pápá:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ Baltimore Ravens ti sáà ọdún 2000, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (NFL ni líìgì wọn), ni mo gbé wá. Pọ́ìntì 165 péré ni alátakò rí gbà lọ́wọ́ wọn nínú eré 16, kò sì sí ẹgbẹ́ NFL mìíràn tó ṣe irú ẹ̀ nínú sáà eré 16. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni alátakò lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àpapọ̀ yáàdì tí wọ́n sáré rí lára wọn ò ju 970 lọ. Síbẹ̀, ọ́fẹ́ǹsì (àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú) ẹgbẹ́ yìí kan náà ò rí touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù wọ òpin pápá alátakò, pọ́ìntì mẹ́fà) kan ṣoṣo nínú eré márààrún tí wọ́n gbá lóṣù Kẹwàá, wọ́n sì gba Super Bowl, ife àṣekágbá NFL.

Ọ̀pọ̀ àlàyé kì í kọjá "Ray Lewis ni." Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Ẹ bá mi là á: ta ló ń ṣe kí ni? Kí ló pa eré sísá alátakò bẹ́ẹ̀? Ibo ni dìfẹ́ǹsì yẹn ti lè já? Tí a bá sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago Bears 1985 ńkọ́?

Ìyá Káyọ̀dé:
Àlàbí, ìbéèrè gidi lo bi. Àárín ìlà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

4-3 ni Marvin Lewis, olórí dìfẹ́ǹsì wọn, máa ń tò: mẹ́rin lójú ìlà, linebacker mẹ́ta lẹ́yìn wọn, mẹ́rin yòókù ń ṣọ́ àwọn tí wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù sí. Sam Adams àti Tony Siragusa ló wà láàárín ìlà (tackle ni wọ́n ń pe ipò wọn), ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ju 300 pọ́n-ùn lọ dáadáa. Wíwó quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) mọ́lẹ̀ kọ́ ni olórí iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n má yẹ̀ lójú kan.

Wò ó báyìí. Tí alátakò bá fẹ́ sáré gba àárín, center àti guard (àwọn tó ń la ọ̀nà fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù láàárín ìlà ọ́fẹ́ǹsì) á jọ kọlu tackle kan, wọ́n á tì í sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn á já kúrò lára rẹ̀ láti lọ dí linebacker. Bí Siragusa bá wá rọ ìdí sílẹ̀, tó ki èjìká bọ abẹ́ èjìká wọn, tó dúró gbọn-in, ọ̀rọ̀ ti di ti guard. Tó bá já kúrò, center nìkan ò lè dá ọkùnrin yẹn dúró, á wọlé tọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lọ. Tí kò bá já kúrò, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan Ray Lewis, linebacker tó wà láàárín. Lewis mọ eré kà lóòótọ́, ojú rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tún mọ́ fún un. Tí ẹ bá ń wo fídíò, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, guard ni kí ẹ tẹjú mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ óò rí i tó yíjú sí ọ̀dọ̀ Lewis, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì há sára tackle.

Ojúkòkòrò ló máa ń ba irú ètò yìí jẹ́. Tackle tó bá ń wá orúkọ, tó yọ síwájú láti lọ lé quarterback, àlàfo ló fi sílẹ̀ lẹ́yìn yẹn. Tó bá nàró jù, àyà rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, wọ́n á sì tì í lọ bí ọmọlanke. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, Rob Burnett àti Michael McCrary gbọ́dọ̀ di etí ìta mú, kí ẹni tó ń sáré má baà yí gbabẹ̀ jáde. Peter Boulware àti Jamie Sharper wà lẹ́yìn wọn.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí: yáàdì 2.7 ni alátakò ń rí ní ìpíndọ́gba nígbàkigbà tó bá sáré. Sá a lẹ́ẹ̀mejì, 5.4. Ó ku 4.6 kí ó tó pé yáàdì 10 tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ rí láàárín ìgbìyànjú mẹ́rin. Nígbà kẹta, ó di dandan kí wọ́n jù ú, Ravens sì ti mọ̀ pé jíjù ló ń bọ̀.

Ògo_Maryland:
Òótọ́ ni Ìyá Káyọ̀dé sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fún àwọn ará ẹ̀yìn ní ẹ̀tọ́ wọn. Chris McAlister àti Duane Starks lè dá ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ mú láìsí ìrànlọ́wọ́. Rod Woodson, ẹni ọdún 35 nígbà náà, ti kúrò ní corner (ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá), ó ti di safety (ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá), ó ń ka ojú quarterback láti ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù 49 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ alátakò ní sáà yẹn, yálà èyí tí wọ́n já gbà lófuurufú tàbí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

Ibi tó ti lè já? Ẹ wo eré kejì, pẹ̀lú Jacksonville. Jimmy Smith, ará Jacksonville, nìkan gba bọ́ọ̀lù tó tó yáàdì 291, ó sì fi touchdown mẹ́ta jẹ. Agbára káká ni Ravens fi borí, 39-36. Tí ọ̀kan bá ń ṣọ́ ọ̀kan, tí wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ quarterback, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ pọ́ìntì 36 yẹn kúrò: 129 ló kù fún eré 15. Bó ṣe ká wọn mọ́ nìyẹn lẹ́yìn náà.

Ní ti oṣù Kẹwàá, ẹsẹ̀ Matt Stover, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó fún wọn, ló gbé wọn. Wọ́n fi field goal (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá gba àárín òpó, pọ́ìntì mẹ́ta) nìkan na Cleveland 12-0, wọ́n fi márùn-ún na Jacksonville 15-10. Washington na àwọn náà 10-3, Tennessee 14-6, Pittsburgh 9-6. Nínú eré mẹ́ta tí wọ́n pàdánù yìí, 14 ni alátakò rí gbà jù! Trent Dilfer ti gba ipò quarterback lọ́wọ́ Tony Banks ṣáájú eré Pittsburgh. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò pọ̀: má fi bọ́ọ̀lù ta alátakò lọ́rẹ. Tí ọ̀nà ò bá sí, gbá a jìnnà, kí alátakò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pápá. Lẹ́yìn Pittsburgh, eré 11 ni wọ́n gbá títí dé Super Bowl, wọn ò pàdánù ẹyọ kan.

Àgbà_Chicago:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti Bears. Buddy Ryan, olórí dìfẹ́ǹsì wọn, ló gbé ètò tí wọ́n ń pè ní 46 kalẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀wù Doug Plank, safety wọn tẹ́lẹ̀, ló sì fi sọ ọ́. Èèyàn mẹ́ta máa ń dojú kọ center àti guard méjèèjì, ọ̀kan sí ọ̀kan, kí wọ́n má lè ran ara wọn lọ́wọ́. Linebacker méjì, Otis Wilson àti Wilber Marshall, á jọ dúró lápá kan. Safety kan á sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́jọ ló wà nítòsí ìlà yẹn, quarterback ò sì ní lè mọ èwo ló ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n wó quarterback mọ́lẹ̀ ní sáà yẹn. Ẹ̀ẹ̀márùndínlógójì ni ti Ravens.

Àmọ́ ẹni tó kó mẹ́jọ síwájú ti dín ẹ̀yìn kù. Don Shula, kóòṣì Miami, rí i: ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1985, Miami to receiver (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù) mẹ́ta, wọ́n fi Nat Moore sí àárín níbi tí linebacker ti ní láti máa lé e kiri. Dan Marino, quarterback wọn, ń sún kúrò lójú kan, ó ń jù ú sí i. 31-10 kí wọ́n tó lọ sinmi, 38-24 nígbà tó parí. Eré kan ṣoṣo tí Bears pàdánù nìyẹn.

Ní tèmi, Ravens ló ṣòro jù láti tú. Méjì àárín wọn ń dá iṣẹ́ mẹ́rin ṣe, nítorí náà kò di dandan kí safety kankan sọ̀ kalẹ̀. Agbára Bears ń bani lẹ́rù jù, wọn ò jẹ́ kí Giants àti Rams rí pọ́ìntì kan ní playoff (àwọn eré tó tẹ̀lé sáà kí Super Bowl tó dé), ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn ṣí díẹ̀.

Àlàbí_Pápá:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ògo_Maryland:
Ti Tennessee ní playoff ni kóo kọ́kọ́ wò, kó tó kan Super Bowl. Yáàdì 134 péré ni ọ́fẹ́ǹsì Ravens rí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì borí 24-10. Anthony Mitchell gbé field goal tí wọ́n dí sáré yáàdì 90. Lẹ́yìn náà Lewis já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ Eddie George lọ́wọ́, ó sáré yáàdì 50. Lẹ́yìn ìyẹn, wo Super Bowl pẹ̀lú Giants. Yáàdì 152 ni Giants rí, a já bọ́ọ̀lù Kerry Collins, quarterback wọn, gbà lẹ́ẹ̀mẹrin, kickoff (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti fi bẹ̀rẹ̀) tí Ron Dixon sá padà nìkan ló sì fún wọn ní pọ́ìntì. Dúró dáadáa níbi tí Starks ti já èyí tí wọ́n jù sí Amani Toomer gbà: wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí Collins tó jù ú. Ó ti ń bọ̀.